Bí sítíárín jíìpù àtijọ́ bá ń gbọ̀n: bí ẹ ṣe máa wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó náwó

Ṣọ́ọ̀kì sítíárín (ọ̀pá tó ń dín gbígbọ̀n sítíárín kù) méjì ni mo rà sí Land Cruiser kan ṣoṣo kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ń dà á láàmú. Èyí àkọ́kọ́ pa gbígbọ̀n náà lẹ́nu mọ́ fún oṣù mẹ́ta, ni gbogbo rẹ̀ bá tún padà dé. Èkejì kò tiẹ̀ lò tó oṣù kan. Ọjọ́ tí bàbá mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀, tó fi ìka lásán yí nọ́ọ̀tì kan lẹ́bàá táyà òsì, tí nọ́ọ̀tì náà sì ń tẹ̀ lé ìka rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé aṣọ ni mo ti ń rà láti fi bo egbò.

Nítorí náà, bí mo ṣe to ìtọ́sọ́nà yìí ni pé ohun tí kò gba owó ló ṣíwájú, ṣọ́ọ̀kì sítíárín ló kẹ́yìn pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìkankan torí pé ẹnì kan lọ́jà ti fojú wò ó lóòró, tó ní òun ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Jíìpù tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ ni Land Cruiser 80 Series, èyí tí Toyota ṣe láti 1990 títí di 1997 fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Lexus LX 450 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní 1996 àti 1997, òun náà ni, ìmúra lásán ni wọ́n fi yàtọ̀. Ohun tó mú irú ọkọ̀ yìí yàtọ̀ sí jíìpù òde òní ni pé irin odindi kan, ìyẹn ákúsù, ló gba abẹ́ iwájú rẹ̀ kọjá, láti táyà òsì dé táyà ọ̀tún. Bí ẹsẹ̀ kan bá gbọ̀n, èkejì á gbè é. Nissan Patrol àtijọ́, Land Rover Defender àti Jeep Cherokee tó rí bíi páálí náà wà nínú ìdílé yìí. Bó bá jẹ́ Toyota 4Runner ti 1996 sí 2002 lẹ ní, ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan ló dá dúró níbẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé tó rí bíi bọ́ọ̀lù) ló sì wà níbi tí mo bá ti dárúkọ bíárìn ọrùn ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, ìyẹn ibi tí táyà ti ń yí sọ́tùn-ún sósì. Ti ìsàlẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì 4Runner yẹn sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí bó bá já, táyà á dojú bolẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìgbà wo ló ń gbọ̀n?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú kọjá nìyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sábà máa ń wà. Ẹ wa ọkọ̀ lọ sójú ọ̀nà tó tẹ́jú láàárọ̀ kùtù, kí ẹnì kan jókòó tì yín pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ẹ̀yin ẹ sọ, òun á kọ: eré tí ẹ wà lórí rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, eré tí ẹ wà lórí rẹ̀ nígbà tó dáwọ́ dúró, bóyá ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì tàbí lórí títá (èyí tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré), àti ibi tó ti ń dun yín, ọwọ́ ni àbí ìdí.

Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 80 ní wákàtí kan, tó le sí i bí ẹ ṣe ń súnmọ́ 100, tó tún wá rọlẹ̀ bí ẹ bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ táyà àti ríìmù ni. Wọn ò ṣe báláǹsì rẹ̀ dáadáa, tàbí nǹkan ti bọ́ kúrò lára rẹ̀, tàbí nǹkan ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Bó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, dísìkì ni, irin pẹlẹbẹ tí bíréèkì ń dì mú. Ẹ lè fo lọ síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀.

Bí ọwọ́ yín bá dúró jẹ́ẹ́ lórí sítíárín ṣùgbọ́n tí ìdí yín ń jó lórí àga, táyà ẹ̀yìn ni tàbí pòpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí ákúsù. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń fún un níná ló ń gbọ̀n, tí ẹ bá sì gbẹ́sẹ̀ kúrò ó dákẹ́, ẹ wo àwọn kọ́rọ́ọ̀sì pòpẹ́là, ìyẹn àwọn oríkèé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ 80 Series ló ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, nítorí náà pòpẹ́là iwájú pàápàá kì í sinmi, òun náà sì máa ń jẹ.

Bí ọkọ̀ bá ń jàn-án-jàn lórí eré kékeré, 20 sí 40, bí ẹni tó wọ bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà kan ti wú. Ẹ má fi sáré rárá títí ẹ ó fi rí i.

Bó bá ń gbọ̀n lórí ìdúró, ẹ́ńjìnì ni tàbí ẹ́ńjìnì sítì. Ìyẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ tòní.

Ó wá ku èyí tó ń dẹ́rù bani. Ọkọ̀ á máa lọ wẹ́rẹ́, bóyá lórí 70 tàbí 80, á wá já sínú kòtò kékeré kan tàbí kó kọjá lórí ojú ibi tí wọ́n ti so afárá pọ̀, lójijì sítíárín á bẹ̀rẹ̀ sí í jà mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ yín lápá. Kò sì ní dáwọ́ dúró títí eré á fi rọlẹ̀ pátápátá. Death wobble làwọn òyìnbó ń pè é. Gìrì lèmi ń pè é, torí bí gìrì ṣe ń gbé ọmọdé náà ló ṣe ń gbé ọkọ̀. Gìrì kì í ṣe àìsàn táyà nìkan: táyà lè ta á jí, ṣùgbọ́n ohun kan ti dẹ̀ nísàlẹ̀ kó tó rí àyè gbé e.

Bó bá gbé yín lójú ọ̀nà, ẹ di sítíárín mú ṣinṣin ní ibi tó wà, ẹ má bá a jà. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí títá, ẹ fi sùúrù tẹ bíréèkì, ẹ sì rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ má tún sáré mọ́ títí ẹ ó fi délé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tí omi àti ojú lè yanjú

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé nígbà òjò, ẹ fọ inú ríìmù, kì í ṣe ìta nìkan. Ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ẹ̀yìn ríìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó láti mú jíìpù ńlá gbọ̀n bí ewé. Mo ti rí ẹni tó san owó báláǹsì lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́n atẹ́gùn sí i bó ṣe wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Ẹ fi gééjì tiyín wọ̀n ọ́n nígbà tí táyà bá tutù. Mi ò ní nǹkan kan sí àwọn fọkanáísà wa, ṣùgbọ́n gééjì tó ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá kò lè ṣòótọ́ mọ́.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà kọ̀ọ̀kan yípo, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú oòrùn. Ibi tó bá ta kókó, wáyà inú rẹ̀ ti já, kò sí báláǹsì tó lè wò ó. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àmì DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tokunbo tí eyín rẹ̀ ṣì pọ̀ lè ti dàgbà ju ọmọ tó ń jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó, ẹ má jẹ́ kí dídán tí wọ́n fi ọ̀dà dán an gba ojú yín.

Ẹ wo etí ríìmù fún òjé báláǹsì. Bí ẹ bá rí ojú ibi tó mọ́ tónítóní ní ìrísí òjé kékeré, òjé kan ti bọ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà kí ẹ sì tún wọn dè. Mẹ́fà ló wà lórí táyà kọ̀ọ̀kan 80 Series. Ẹ máa dè wọ́n ní ìdojúkọ ara wọn, ọ̀kan lókè, èyí tó kọjú sí i nísàlẹ̀, kì í ṣe yípo bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá gun orí sípánà tó ń fò lórí rẹ̀ kò ṣe yín lóore. Bí ríìmù yín kì í bá ṣe èyí tó bá ọkọ̀ wá, ẹ wo ihò àárín rẹ̀. Ti Toyota yìí fẹ̀ tó mílímítà 106. Bí ihò ríìmù bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sì sí òrùka tó dí àlàfo náà, ó lè jókòó ségbẹ̀ẹ́ kan láìsí pé ojú rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbé táyà iwájú lọ sẹ́yìn

Kò ná yín ju wákàtí kan lọ. Ẹ pààrọ̀ táyà méjì iwájú pẹ̀lú méjì ẹ̀yìn, kí ẹ tún ọ̀nà àárọ̀ náà gbà. Bí gbígbọ̀n bá kúrò lọ́wọ́ tó lọ sí ìdí, ẹ ti mú olè náà: ọ̀kan nínú táyà tó wà lẹ́yìn báyìí ni. Ẹ gbé méjèèjì lọ síbi báláǹsì, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ wo bí ríìmù ṣe ń yí lórí ẹ̀rọ. Bí etí rẹ̀ bá ń jó wọlé jáde, ó ti tẹ̀. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, ó kàn wá láti wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè

Jíìpù yìí wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Jáàkì wà fún gbígbé nìkan, kò wà fún dídúró. Ilẹ̀ líle ni kí ẹ lò, kí ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fa háńdì bíréèkì, kí ẹ sì gbé ákúsù lé orí sítáǹdì irin méjì. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kì í ṣe sítáǹdì. Ó máa ń fọ́ láìkìlọ̀, mo sì mọ ilé tó sọ fún mi bó ṣe ń rí.

Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, bí ẹni pé ó jẹ́ aago, ní ibi 12 àti 6. Ẹ tì í, ẹ fà á. Bó bá ń mì, ẹ ní kí ẹnì kan wọlé tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún mì í. Ìdánwò kékeré yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí mímì bá parẹ́ nígbà tí bíréèkì wà ní títẹ̀, bíárìn inú họ́ọ̀bù, àárín tí wọ́n de táyà mọ́, ló dẹ̀. Bó bá ṣì ń mì, nǹkan náà wà lẹ́yìn họ́ọ̀bù, ìyẹn bíárìn ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí táyà ti ń yí sọ́tùn-ún sósì.

Bíárìn họ́ọ̀bù kò nílò kí ẹ rà á kíákíá. Méjì ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì ńlá méjì ló sì dè é, èyí tó ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì 54. Nígbà mìíràn, ẹ kàn ní láti tú u, kí ẹ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti fọ́ tàbí ó ti dúdú, kí ẹ fi gíríìsì tuntun sí i, kí ẹ sì tún un dè bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí. Ẹni tó bá fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù lu nọ́ọ̀tì yẹn, ẹ gba ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ di táyà mú ní 9 àti 3. Bó bá ń mì níbí nìkan, tí kò mì ní 12 àti 6, tàìrọ́ọ̀dù ni, àwọn irin tí sítíárín fi ń yí táyà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ẹnì kan máa yí sítíárín, kí ẹ̀yin máa wò

Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ padà kí táyà rù ú. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí gíà wà lórí P, kí háńdì bíréèkì wà lókè, kí òkúta sì wà nídìí táyà. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á máa yí sítíárín díẹ̀díẹ̀, ìka mẹ́ta sí ọ̀tún, ìka mẹ́ta sí òsì, láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀yin á dùbúlẹ̀ níwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ ẹyọ. Ọwọ́ á mọ ohun tí ojú kò rí.

Orí tàìrọ́ọ̀dù mẹ́rin ló wà: méjì lórí irin gígùn tó wà lẹ́yìn ákúsù, tó so táyà méjèèjì pọ̀, méjì lórí èyí tó wà níwájú, tó ti ibi gíà sítíárín wá. Èyí tó bá ń fò sókè tàbí tó ń ta kẹ́ẹ́ kí irin tó tẹ̀ lé e, ó ti jẹ.

Ẹ wá wo irin ìdábùú tó ti ara férémù lọ́wọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ sórí ákúsù lọ́wọ́ kejì. Panhard rod ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí ákúsù rìn sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ ọkọ̀. Bí búùṣì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà orí rẹ̀, bá ti jẹ, tàbí bí ihò bóòtù rẹ̀ bá ti fẹ̀ di ẹyin, ẹ ó rí i kedere: bí wọ́n bá ti yí sítíárín, orí irin náà á kọ́kọ́ rìn kí ohunkóhun mìíràn tó mira. Lọ́dọ̀ ẹni tí gìrì ń gbé ọkọ̀ rẹ̀, ibí yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ihò bá ti fẹ̀, búùṣì tuntun nìkan kò tó. Ẹ gbé e fún wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ kó tún ihò náà ṣe, kó má kàn fi wáṣà dí i.

Búùṣì apá ńlá méjì tó di ákúsù mú síwájú sẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Rọ́bà wọn á ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ lórí ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 25. Ẹ fi irin gígùn tì wọ́n wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọrùn ẹsẹ̀

Níbí ni bàbá yẹn ti fi ìka yí nọ́ọ̀tì mi. Lókè àti nísàlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì mẹ́rin-mẹ́rin ló di apá sítíárín àti ìdérí bíárìn mú. Lórí 80 Series, wọ́n mọ̀ wọ́n dáadáa fún dídẹ̀, pàápàá bí ẹnì kan bá ti tú ibẹ̀ rí tó sì dè é bákan ṣá. Ẹ fi sípánà kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ìkankan bá yí, ẹ má kàn dè é kí ẹ máa lọ: ẹ tú u, ẹ wo bóòtù rẹ̀ bóyá ó ti fà tàbí ó ti já nínú, torí ìkan tó bá já, ẹrù tirẹ̀ á bọ́ sórí àwọn yòókù.

Láti mọ bóyá bíárìn ọrùn ẹsẹ̀ ti kú, ẹ gbé iwájú sókè padà, ẹ tú irin sítíárín kúrò lára ẹsẹ̀ náà, ẹ bọ́ táyà, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí họ́ọ̀bù sọ́tùn-ún sósì. Ó yẹ kó le díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bó bá ń yọ̀ gbọ́lọ́gbọ́lọ́ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo sí, kò sí ohun tó ń dá gbígbọ̀n dúró níbẹ̀ mọ́. Bó bá ń kọ́ ọwọ́ yín ní ojú kan ṣoṣo, ní gbọọrọ iwájú, bíárìn ti gbẹ́ ojú irin rẹ̀. Epo tó ń ṣàn lára ẹsẹ̀ náà tún jẹ́ àmì: epo gíà ti dà pọ̀ mọ́ gíríìsì, ó sì ti ń fọ̀ ọ́ kúrò lára bíárìn. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, ọjọ́ méjì gbáko lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ ṣe ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ pààrọ̀ gbogbo síìlì rẹ̀. Ẹ má sì fi bíárìn tokunbo sí i. Mo máa ń ra ríìmù tokunbo, mo máa ń ra ilẹ̀kùn tokunbo, ṣùgbọ́n bíárìn àti tàìrọ́ọ̀dù, rárá.

Ìgbésẹ̀ keje: bó bá jẹ́ lórí bíréèkì nìkan

Ẹ wa ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì bíi mélòó kan, ẹ dúró, kí ẹ gbé ọwọ́ súnmọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gan-an, písítìnnì bíréèkì rẹ̀ ti há, ó sì ń sun dísìkì. Ẹ yanjú ìyẹn kí ẹ tó ra dísìkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun náà á tẹ̀. Lórí ọkọ̀ yìí, ẹ̀yìn họ́ọ̀bù ni wọ́n de dísìkì iwájú mọ́, nítorí náà họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ kúkú fi àǹfààní yẹn gíríìsì bíárìn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ ga

Sípíríǹgì gíga tí wọ́n fi ń jẹ́ kí jíìpù dúró bí akọni máa ń yí ákúsù síwájú díẹ̀, ó sì máa ń jẹ nínú igun tó ń mú sítíárín padà sí gbọọrọ fúnra rẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: lẹ́yìn kọ́nà, sítíárín á lọ́ra láti padà, ọkọ̀ á sì máa ṣe bí ẹni tó mutí lórí eré. Búùṣì pàtàkì wà fún apá ńlá tó ń dá igun náà padà. Ẹ ní kí ibi àláímẹ́ǹtì tẹ iye igun náà jáde lórí ìwé fún yín. Àmọ́ ìgbà tí ohun tó dẹ̀ bá ti tán ni kí ẹ tó lọ síbẹ̀. Àláímẹ́ǹtì lórí tàìrọ́ọ̀dù tó ti jẹ, kí ẹ tó padà délé ló ti yí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ṣọ́ọ̀kì sítíárín, ní ìkẹyìn

Ẹ tú u kúrò pátápátá kí ẹ sì tún wa ọkọ̀ lórí eré kékeré, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà tó dá. Bí ìyókù bá ti dára, ọkọ̀ á máa lọ láìsí gìrì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó máa gbọ́ kòtò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ yín. Bí gìrì bá ṣì gbé e, ẹ dúró, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ẹ fa ṣọ́ọ̀kì tí ẹ tú náà gùn kí ẹ sì tì í padà: ó yẹ kó le dọ́gba lọ àti bọ̀. Bó bá ń yọ láìsí agbára níbì kan, tàbí bó ń da epo, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra òmíràn.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí wọ́n kàn mú síkúrù orí gíà sítíárín le díẹ̀. Ẹ má gbà. Bí wọ́n bá mú un le jù, sítíárín á máa há ní àárín, kò ní fẹ́ padà lẹ́yìn kọ́nà, gíà náà á sì jẹ ara rẹ̀.

Lórí tèmi, nọ́ọ̀tì mẹ́rin, bóòtù tuntun mẹ́rin àti búùṣì Panhard rod méjì ló parí ẹjọ́. Ṣọ́ọ̀kì kejì tí mo fi ìbínú rà yẹn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.